Ìkòkò Sìgá Tí Bàámi Ń Ṣọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ilé tí a ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà náà, ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Igando ló wà. Ọ̀nà náà kò tíì ní ọ̀dà. Lọ́rì oníyanrìn ló ń kọjá níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ọ̀kan bá sì ti kọjá, eruku á bo abọ́, á bo aṣọ orí okùn, á bo ewé tábà tí mo pàtẹ síwájú ilé. Màá mú ìgbálẹ̀, màá gbọ̀n ọ́n. Kí n tó gbọ̀n ọ́n tán, òmíràn á ti dé. Owó epo ti wọ ìlú, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé. Ẹni tí kò kọ́lé ń wá ilẹ̀, ẹni tí kò rí ilẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá a wá a. Bí wọ́n bá wá ra tábà lọ́wọ́ mi, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n á fi dúró, wọ́n á máa wo ọ̀nà bí ẹni pé owó náà fẹ́ kọjá lọ láìkí wọn.

Èmi ò bá wọn sáré. Ọmọ alátábà ni mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, tábà kì í sì í ṣe ọjà ẹni tó ń kánjú. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ohun tí Bàámi kọ́ mi nípa ewé, mi ò gbàgbé ọ̀kan níbẹ̀. Ewé tí a bá já lóko, a ó sín in sí okùn, a ó fi èéfín gbẹ ẹ́ nínú àgọ́, a ó dì í ní ìdì ìdì, a ó kó o jọ gègèrè kí ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀, a ó tú u palẹ̀, a ó tún un kó jọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá sùn. "Ẹ jẹ́ kó sùn" ni Bàámi máa ń wí. Ewé tí kò bá sùn tó, á máa ta ẹni lọ́nà ọ̀fun, orí á sì máa fọ́ ẹni tó bá mu ún.

Ìdì tèmi, gbogbo ilé ló ń dá a mọ̀ láàárín ìdì àwọn yòókù. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi nà mí títí, kò kúrò. Kókó okùn tí mo bá ta, òdìkejì ti ẹlòmíràn ni yóò dojú kọ. Bàámi á gbé ìdì náà sókè, á ní, "Ti ọlọ́wọ́ òdì mi nìyí," á sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni mo lọ mú Bàámi wá sí Èkó nítorí ojú rẹ̀. Ẹyinjú méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Ó ń rí òjìji ènìyàn, kò rí ojú ènìyàn mọ́. Dókítà ojú tí a lọ bá sọ pé àwọn lè fi abẹ ká funfun náà kúrò, ó kéré tán lójú ọ̀tún, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ nílẹ̀. Kí a padà wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ó ní tí ọjọ́ náà bá fi lè bọ́ lọ́wọ́ wa, ó lè di ọdún mìíràn kó tó tún kàn wá, ojú náà kò sì ní dúró dè wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, fún ẹni tó fi ewé sílẹ̀ nínú àgọ́ nílé! Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a ṣọ́ ọ, kò sì fọkàn tán àbúrò yìí rárá.

"Ó ń dáná jù," ni Bàámi ń wí ṣáá. "Á ti gbẹ ewé mi di èédú."

Ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá kò gbà á. Ó máa ń fi ọ̀pá wá ògiri láti yàrá wa dé ẹnu ọ̀nà, á padà, á tún lọ. Bí kàtàpílà bá wó igi lọ́ọ̀ọ́kán, á dúró gbọ́ ọ títí igi á fi balẹ̀, á wá béèrè pé igi wo ni, bí ẹni pé èmi ló ni igbó. Ní gbogbo òwúrọ̀, tó bá ti kírun Àsùbáà tán, á di ẹrù rẹ̀: ẹ̀wù méjì, ṣòkòtò kan, tẹ̀sùbáà, àti agolo áásà. Á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi á tú u.

Ọjọ́rú Ọjọ́rú ni lọ́rì máa ń gbéra ní Ìkòtún lọ sí òkè wa lọ́hùn-ún. Ọjọ́rú àkọ́kọ́, kí ó tó jí ni mo ti kó gbogbo aṣọ rẹ̀ sínú omi.

"Aṣọ mi dà?"

"Mo fọ̀ ọ́n, Bàámi. Ó ṣì tutù."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé irú ìmọ́tótó yìí ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó l'Ékòó ni?"

Ó jókòó pẹ̀lú aṣọ ìbora títí lọ́rì fi lọ. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n yẹn kò lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàámi kì í ṣe ẹni tí à ń fọ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ sìgá ló wá bọ́ sí i. Onílé wa, kúùkù ọkọ̀ òkun ni. Ibi tí ọkọ̀ wọn bá ti gúnlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ra aago, wọ́n á ra bàtà, òun á ra sìgá. Kì í ṣe sìgá kékeré onípépà tí gbogbo ayé mọ̀ o. Sìgá ńlá ni, èyí tó nípọn bí àtàǹpàkò, ewé tábà ni inú, ewé tábà ni ẹ̀yìn. Ó rà ní Kúbà, ó rà ní Bùràsíìlì, ó rà ní Filipíìnì, ó rà ní Họ́láǹdì, ó sì tún rà ní Kamẹrúùnù tí kò jìnnà sí wa. Ó ní àwọn olówó tuntun l'Ékòó ti ń fi í sẹ́nu báyìí, pé tí òun bá tún ti ojú omi dé, ṣọ́ọ̀bù lòun máa ṣí, òun ò ní se ọbẹ̀ fún atukọ̀ mọ́. Kí ó tó lọ, ó kó àpótí márùn-ún, ti ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wá sí yàrá mi.

"Ìyá alátábà, ẹ̀yin lẹ mọ tábà. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ló máa dùn sí i."

"Kó sùn nìyẹn," mo wí.

"Ẹ̀hẹ́n! Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Ohun tó kù tí kò sọ ló kó mi sí wàhálà.

Ọyẹ́ ti mú gan-an lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì tí mo ṣí àpótí náà wò. Mo rí funfun fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lára ti Kúbà, láti orí dé ìdí. Lọ́dọ̀ tiwa, ewé tó bá ti ní funfun lára, ó ti ń bu nìyẹn, oòrùn sì ni oògùn rẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó àpótí márààrún jáde, mo tẹ́ ẹní, mo sá sìgá onísìgá sí oòrùn pẹ̀lú ewé tèmi. Mo ń yí i bí ẹni ń yí èlùbọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, funfun ti gbọ̀n dànù, inú mi dùn. Nígbà tí mo wá ń kó o, mo gbọ́ tó ń dún lọ́wọ́ mi. Ara wọn ti là bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kò ní òrí lásìkò ọyẹ́.

Bàámi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbìyànjú láti gbọ́ bóyá ẹnìkan ń lọ sí Ìkòtún.

"Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó na ọwọ́, mo fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ́ ọ láti orí dé ìdí, ó gbé e sí imú, ó sì jókòó. Láti ọjọ́ tó ti dé, mi ò tíì rí i kó jókòó tí wọn ò bẹ̀ ẹ́.

"Ta ló sá a?"

"Èmi ni."

"Funfun tí o rí, ṣé ó hu irun bí òwú ni, àbí ó dà bí ìyẹ̀fun?"

"Ìyẹ̀fun, Bàámi."

"Kò bu nìyẹn. Òógùn ara ewé ni. Ewé tó bá sùn dénú ló ń là á. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo rí i rí láyé mi." Ó mi orí. "Funfun tó wà lójú mi ni wọ́n ní kí o bá mi ká kúrò. Ìwọ wá lọ ká ti tábà."

Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wá láti inú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí n máa pe orúkọ ìlú rẹ̀. Ó mú ti ọwọ́ rẹ̀, ti Kúbà, ó gé díẹ̀ jẹ, ó ní kí n ṣáná sí i. Ó fa á lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ilẹ̀ ni èyí," ó wí. "Ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Oyin wà lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ oòrùn rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lá a tán. Ẹni tó ṣe é kò kánjú. Ó ti sùn tó ọdún mẹ́rin. Mú òmíràn wá."

"Bùràsíìlì."

"Dúdú ni, àbí?"

"Dúdú bí ìdí ìkòkò."

"Mo ti mọ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi kòkó tí wọ́n ti sá fún ọjọ́ mẹ́ta. Àgbà ni, ṣùgbọ́n àgbà tó fẹ́ràn ohun dídùn ni."

Ti Filipíìnì, ó ní koríko gbígbẹ ni, oníwà tútù, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà, wọn ò sì ní rántí rẹ̀ tó bá lọ. Ti Họ́láǹdì kéré sí àwọn yòókù. Ó tẹ̀ ẹ́ létí, ó ní, "Gbígbẹ ni wọ́n bí èyí. Ìwọ nìkan ni oòrùn ò rí nǹkan mú lára rẹ." Nígbà tó kan ti Kamẹrúùnù, ó fi ìka pa ewé ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ó ní hóró wínníwínní bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ata sì ń bẹ nínú rẹ̀. Ó wá fa òórùn rẹ̀ símú dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èyí ṣì ń tọ̀!"

"Kí lẹ wí, Bàámi?"

"Gbóòórùn ẹ̀. Ìtọ̀ ni. Ọmọ ọwọ́ ni, wọ́n kánjú wé e. Ohun rere wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó já ìtọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọkọ̀ ojú omi."

Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni aládùúgbò wa ti jáde, obìnrin aláṣọ funfun kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Nínú ìjọ tirẹ̀, èèwọ̀ ni tábà, a sì jọ ń lo okùn ìsáṣọ kan náà.

"Baba, ẹ ṣàánú mi! Sùtánà mi wà lókùn! Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wòlíì ń gbóòórùn mi kiri bí ajá ọdẹ!"

"Ẹ wí fún wòlíì kó máa bọ̀," ni Bàámi dáhùn. "A ó fún un ní ti Kúbà."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó ká sùtánà rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé lọ, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bàámi ní kí n lọ ra ìkòkò tuntun. Ó da iyanrìn tútù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé iyanrìn, ó gbé agbọ̀n kékeré lé ewé, ó to sìgá sínú agbọ̀n náà. Ti Họ́láǹdì nìkan ni a dá padà sínú àpótí. Ó fi aṣọ bo ẹnu ìkòkò, ó fi okùn dì í, ó ní kí n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní a kò gbọdọ̀ wọ́n omi sí wọn lára, nítorí ewé tí òùngbẹ pa, tó bá mu omi lójijì, yóò ya. Èémí iyanrìn ni kí wọ́n máa mu díẹ̀díẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́jọ," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́jọ, ara wọn á rọ̀. Tí mo bá ti fi ọwọ́ kàn wọ́n tí wọn ò dún mọ́, mo ti ṣe tèmi fún onílé yín, mo sì ń lọ sílé."

Mo fi ìka ka ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ á bọ́ sí Ọjọ́rú lọ́rì, ilé ìwòsàn sì ṣì ku ọjọ́ mẹ́jọ mìíràn.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Tí wọ́n bá ti pe ìrun Àílà lọ́sàn-án, ẹnìkan láti mọ́sáláṣí ẹ̀gbẹ́ ilé wa á ya mú Bàámi lọ́wọ́. Tó bá ti jáde, màá tú okùn, màá ká aṣọ kúrò, màá jẹ́ kí ọyẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fẹ́ sínú ìkòkò, kí ara wọn lè tún gbẹ. Kí ó tó dé, màá ti dì í padà. Mi ò ṣe é lójoojúmọ́. Bí mo bá rí i pé ara wọn ti fẹ́ rọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ọjà ọlọ́jà ni mò ń fi ṣeré. Ojú Bàámi sì ni mò ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàámi á ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò.

"Kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí ò mumi? Irú ewé wo nìyí?"

"Ewé òkèèrè ni, Bàámi."

"Ewé ni ewé ń jẹ́."

Ọjọ́rú kẹta kọjá báyẹn, kò lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Kàkà kó máa rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, ó ń rìn yí ìkòkò ká ni. Ó gbé ẹní rẹ̀ tì í. Ó bu omi kún iyanrìn, ó ní kò tó, ó ní ó ti pọ̀ jù, ó bu ú kúrò. Èmi náà, mo wá di ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń gbé dúró. Mo ń ta tábà, etí mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi tí mò ń fi àwọn oníkánjú rẹ́rìn-ín, mo wá ń ṣírò ọjọ́ jù wọ́n lọ.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo gbọ́ ariwo. Bàámi dúró lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọ̀pá sí ìlẹ̀kùn aládùúgbò wa.

"Ẹnìkan ń ṣí ìkòkò mi! Ta ló sọ pé òórùn tábà ń ba aṣọ òun jẹ́?"

"Èmi?" Obìnrin náà jáde láìwọ bàtà. "Èmi tí mi ò lè fọwọ́ kan tábà? Baba, mo fi aṣọ funfun yìí búra, mi ò tẹ́sẹ̀ dé ìdí ìkòkò yín!"

"Aṣọ ò ní ẹnu. Ṣé aṣọ náà á jẹ́rìí ni?"

"Ẹ̀yin tí ojú yín ò ríran, kí ni ẹ fi mọ̀ pé wọ́n ṣí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó yíjú padà sí mi. "Ọmọ mi, di ẹrù mi. A kì í gbé ilé tí wọ́n ti ń ṣí ìkòkò ẹni lẹ́yìn ẹni. Ọ̀túnla, mo ń bá lọ́rì lọ."

Ọ̀túnla ni Ọjọ́rú. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà. Ọgbọ́n tí mo dá láti fi dá a dúró ló wá ń tì í lọ. Èmi sì dúró síbẹ̀, mi ò wí nǹkan. Aládùúgbò mi wò mí, ó ń dúró kí n gbà á sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ̀ pé òun kọ́. Mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ gbọ̀n eruku tábà. Mo ti ṣe ohun tí kò dára láyé mi, èyí wà lára èyí tí mi ò fẹ́ràn láti rántí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàámi ti wọ aṣọ ìrìn àjò, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ó ní òun á lọ sùn sí gárééjì Ìkòtún kí lọ́rì má baà fi òun sílẹ̀. Mo kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò mi, mo mú un lọ́wọ́ jáde, mo kúnlẹ̀ síwájú Bàámi.

"Bàámi, èmi ni mo ń ṣí i."

Aládùúgbò mi fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

"Mo mọ̀," ni Bàámi wí.

"Ẹ mọ̀?"

"Kókó ọwọ́ òsì ni. Láti ọjọ́ kẹta ni ọwọ́ mi ti bá a. Ta ni kò mọ kókó rẹ?"

Aládùúgbò mi fi ọwọ́ lé orí. "Ẹ mọ̀! Ẹ sì na ọ̀pá sí mi? Kí ni mo fi ṣe yín?"

Bàámi ń fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ẹ̀rù abẹ ń bà mí. Wọ́n fẹ́ ki irin bọ̀ mí lójú. Mò ń wá ìjà tí màá fi lọ ni. Ẹ fi orí jì mí, ìyá aláṣọ funfun."

Mi ò gbọ́ kí Bàámi sọ pé ẹ̀rù ń ba òun rí. Ṣé ọ̀rọ̀ àgọ́ àti àbúrò tó ń dáná jù, irọ́ ni gbogbo rẹ̀? Kì í ṣe irọ́. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń lé e káàkiri ògiri.

Aládùúgbò mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo ti dárí jì yín, Baba, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ lọ́rì yẹn, èmi fúnra mi ni màá lọ sí mọ́sáláṣí yín pẹ̀lú sùtánà mi. Màá wí fún gbogbo wọn pé ìkòkò lẹ fi bo ojora mọ́lẹ̀."

"Wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé."

"Màá dúró síta, màá pariwo. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn wà lọ́dọ̀ wa, àbí?"

Bàámi rẹ́rìn-ín, kò fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣí i?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Bàámi."

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n gbẹ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n mumi. Dìde, gbé ìkòkò yẹn wá ká wo ohun tí o bàjẹ́."

A tú u. Ti Kúbà, ara rẹ̀ ti padà rọ̀, ṣùgbọ́n oyin ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, ó ku ilẹ̀ nìkan. Ó gbé e sílẹ̀ bí ẹni ń gbé òkú ẹyẹ. Ti Filipíìnì kò ní òórùn kankan mọ́, pépà sàn jù ú lọ. Ti Bùràsíìlì dúró gbọn-in, kò sí ohun tó ṣe é, ó tún dúdú sí i ni. Nígbà tó wá kan ti Kamẹrúùnù, Bàámi gbé e símú, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà.

"Ọmọ ọwọ́ ti jáwọ́ nínú ìtọ̀," ó wí. "Wò ó! Gbóòórùn. Ìtọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbígbẹ àti mímu yìí ló là á kọjá, bí ìgbà tí à ń tú u palẹ̀ tí à ń kó o jọ nílé. Ó kù díẹ̀. Tí a bá tún fún un ní ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún sí i..." Ó ń fi ìka ka ọjọ́, bí èmi náà ti ń kà á láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Ọjọ́ mélòó ni dókítà yẹn máa dá mi dúró?"

"Ó ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó tú aṣọ ojú."

"Á ti gbó nígbà yẹn." Ó bọ́ ẹ̀wù ìrìn àjò rẹ̀, ó ká a, ó na án sí mi. "Gbà. Lọ fọ̀ ọ́n."

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi ni mo mú un lọ́wọ́ ọ̀tún, aládùúgbò mi mú un lọ́wọ́ òsì pẹ̀lú sùtánà funfun gbòò. Ní gbogbo inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wò wá, Mùsùlùmí arúgbó láàárín alátábà àti aláṣọ funfun. Bàámi ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ó ń ka àṣìṣe àbúrò rẹ̀ fún ẹni tó jókòó síwájú wa tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè é, ó fi ọwọ́ kan orí mi, ó sì tẹ̀lé e. Wákàtí tí mo fi jókòó síta yẹn gùn ju gbogbo oṣù náà lọ.

Ojú ọ̀tún là. Ọjọ́ tí wọ́n tú u nílé ìwòsàn, ó wò mí pẹ́, ó ní, "O ti sanra." Nígbà tí a délé, sìgá ló béèrè. Mo to ẹyọ kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀, ó sì nawọ́ tààrà mú ti Filipíìnì, nítorí pé ara rẹ̀ dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí wúrà.

"Èyí ni ọba wọn," ó wí.

"Bàámi, ẹ dijú."

Ó dijú, ó gbé e símú, ó sì jù ú sílẹ̀. "Ojú mà ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ rẹ̀!"

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ló lọ. Èmi fúnra mi ni mo di ẹrù rẹ̀, gbogbo aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ó jókòó níwájú lọ́rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ń wo gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá yàn lára wọn.

Nígbà tí onílé ti ojú omi dé, mo jẹ́wọ́ fún un, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Nítorí ti Kúbà, kò kí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣáná sí ti Kamẹrúùnù, ó mu ún dé ìdí, ó wá ní, "Ìyá alátábà, ìkòkò yẹn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà?"

Ó wà. Ó pẹ́ títí kó tó fọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n já tábà tuntun nílé, awakọ̀ lọ́rì gbé ìdì kan wá fún mi láti ọ̀dọ̀ Bàámi, ewé tó ti sùn, tí ó fi awọ dì. Kò fi iṣẹ́ kankan rán awakọ̀ náà. Mo gbé ìdì náà sí itan, mo fẹ́ tú okùn rẹ̀, ọwọ́ mi sì bá kókó náà níbi tó ti máa ń bá tèmi. Bàámi, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá ṣáká, ti jókòó sí àgọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ta kókó ọwọ́ òsì, kí ó lè rọrùn fún mi láti ṣí.